Ọmọ mi fẹ́ kọ́ṣẹ́ dietitian (ẹni tó ń fi oúnjẹ tọ́jú aláìsàn): kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an, ṣé yóò sì rí iṣẹ́ ṣe?

Baba Àdùkẹ́ (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo ń ṣe nílùú Ọ̀yọ́ níbí. N kò kàwé kọjá oníwèé mẹ́wàá, torí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi bí ìbéèrè mi bá gùn.

Àdùkẹ́, ọmọ mi kejì, ti rí yunifásítì wọ̀ lọ́dún yìí. Iṣẹ́ dókítà ló kọ́kọ́ kọ sí fọ́ọ̀mù, máàkì rẹ̀ kò tó, wọ́n wá fún un ní Nutrition and Dietetics. Látìgbà tí ìròyìn yẹn ti dé, ilé mi kò rọgbọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣé irú ọmọ tó mọ̀wé báyìí ni yóò lọ lo ọdún márùn-ún nídìí ọbẹ̀ sísè, pé kí n jẹ́ kó tún JAMB ṣe. Ọmọ náà ní òun kò tún un ṣe, òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí kíndìnrín dá ìyá mi dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn, obìnrin kan wá jókòó tì wọ́n, ó ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ nílé, ọjọ́ yẹn sì ni ìyá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti dé wọ́ọ̀dù. Èmi kò sí níbẹ̀, òun ló wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an? Bó bá jáde, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Orí àkàbà ni mo ti ń rí owó ilé-ìwé rẹ̀. N kò fẹ́ kó gbàwé tán kó wá máa jókòó sílé.

Ọlọ́jà Bódìjà

Baba Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Ọmọ àbúrò mi ka ìwé yìí, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ọmọdé ló wà báyìí ní Èkó, ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, ọdún méjì gbáko ló fi wá iṣẹ́ kiri kí ó tó rí èyí. Ẹ fi sọ́kàn.

Ìyá Tómi (dietitian, Ìbàdàn)

Baba Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ kú wàhálà ọmọ. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bàbá tèmi bi mí ní irú ìbéèrè yìí nígbà tí mo fẹ́ wọlé, n kò sì rí èsì kan fún wọn. Wọ́n ti lọ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n fi èsì tó yẹ kí n fún wọn dá yín lóhùn.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé wọ́n ń dáná níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn kí wọ́n tó débẹ̀. Ọdún kìn-ín-ní, kẹ́místírì, bàọ́lọ́jì, físíìsì ni. Ọ̀pọ̀ ló ń kọsẹ̀ lára kẹ́místírì, kí Àdùkẹ́ má fi ṣeré rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ara èèyàn: bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ohun tí ẹ̀dọ̀ ń fi ọ̀rá ṣe, ibi tí òkèlè èbà ń gbà láti ẹnu títí yóò fi di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Kí oúnjẹ gan-an tó dé, ó ti di ọdún kejì tàbí ìkẹta. Wọ́n á kọ́ ọ pé gíráàmù kan èròjà amúaradàgbà ń fún ara ní kálórì 4 (kálórì la fi ń wọn agbára inú oúnjẹ), gíráàmù kan sítáàṣì tàbí ṣúgà náà 4, gíráàmù kan ọ̀rá 9, àti bó ṣe máa fi èyí ṣírò oúnjẹ odindi ọjọ́ kan fún ẹnì kan. Wọ́n á kọ́ ọ láti lo àtẹ èròjà oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ, tún ṣe ní 2019, torí àtẹ àwọn òyìnbó kò wúlò fún ẹni tó ń jẹ gàrí. Wọ́n á kọ́ ọ ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ, ti ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ti ẹni tí iná jó, ti ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì tó jẹ́ pé rọ́bà tí wọ́n gba imú kì bọ inú rẹ̀ ló fi ń jẹun. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń darí ilé ìdáná ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ ìwádìí tún wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Ọdún márùn-ún ni ní FUNAAB l'Ábẹ́òkúta, àwọn ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ mẹ́rin.

Gbogbo ìyẹn, mo kọ́ ọ, mo yege. Àmọ́ inú wọ́ọ̀dù ni mo ti mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ náà fún yín.

Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, wọ́n ti pín wa sí àwọn ilé ìwòsàn. Ọmọ kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tó lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì, àìjẹunrekánú ló gbé e wá, kìlógíráàmù 6 péré ló wọ̀n. Mílíìkì kan wà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, F-75 lorúkọ rẹ̀: kálórì 75 ló wà nínú mìlílítà 100, èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kò sì pé gíráàmù kan. Wọ́n ní kí n ṣírò èyí tí ọmọ náà máa mu. Inú mi dùn, torí mo mọ ìṣirò yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mìlílítà 130 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀, 780. Wákàtí méjì-méjì la ó máa fún un, ìgbà 12 nìyẹn, 65 lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ 65 sílẹ̀, mo gbé e fún ọ̀gá wa.

Àgbà obìnrin kan ni ọ̀gá wa yìí, ohùn wọn kì í ròkè. Wọ́n wo ìwé mi, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbé àtàǹpàkò mi lé òkè ẹsẹ̀ ọmọ náà. Wọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́. Má tíì gbé ọwọ́." Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ojú àtàǹpàkò mi wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá fìka tẹ ẹ̀kọ tó ti dì. Wọ́n ní kí n tẹ ẹsẹ̀ kejì, kòtò náà ni. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ náà hàn mí, ó wú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń wò wá. Ó ní òun rò pé ó ti ń sanra.

Omi ló wà nínú kìlógíráàmù 6 tí mò ń ṣírò yẹn. Ọmọ tó bá wú láti ẹsẹ̀ títí dé ojú, 100 la fi ń ṣírò tirẹ̀, a kì í lo 130. 600 lójúmọ́, 50 lẹ́ẹ̀kan. Mìlílítà 15 ló wà láàárín èsì mi àti èsì tó tọ́, ìyẹn ṣíbí ńlá kan. Ṣùgbọ́n ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ débi pé bí èèyàn bá fi ìkánjú bọ́ ọ, oúnjẹ náà gan-an lè pa á, ṣíbí kan ní wákàtí méjì-méjì sì kúrò ní kékeré nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́. Ìṣirò mi kò lálébù kankan. Ọmọ náà ni n kò wò.

Wọ́n jẹ́ kí n máa bá a lọ. Mo ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀, mo ń lọ lálẹ́. Ẹsẹ̀ náà ń fà díẹ̀díẹ̀, a ń wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, inú wa sì ń dùn sí i, torí omi ló ń lọ. Ọjọ́ tó já ife gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó ń fẹ́ sí i, ni ọ̀gá wa ní ó yá, kí n wá ṣírò F-100 fún un, mílíìkì tó lágbára ju F-75 lọ, tí ọmọ fi ń sanra padà. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé ọmọ wá, kí n tó gbé bírò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń kọ́kọ́ tẹ̀.

Ẹnu bíbáni sọ̀rọ̀ ni nǹkan kejì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa bí a ṣe máa bi aláìsàn ní ohun tó jẹ láàárín wákàtí 24. Bàbá alátọ̀gbẹ kan jókòó níwájú mi, mo ní, "Bàbá, kí lẹ jẹ lánàá?" Wọ́n ní, "N kò jẹ nǹkan kan tó ní ṣúgà." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa fà àga sún mọ́ wọn. "Bàbá, ẹ kú ara líle. Lẹ́yìn tí ẹ kírun àsùbáà tán, kí ló kọ́kọ́ kàn yín lẹ́nu?" Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ògì ni, mílíìkì alágolo wà nínú rẹ̀. Ta ló bá yín po ó? Ìyàwó ni. Kí lẹ wá jẹ kí ẹ tó kírun ọ̀sán? Wọ́n re ibi ìsọmọlórúkọ, wọ́n fún wọn ní málítì, wọ́n kò fẹ́ kọ oore èèyàn. Alẹ́ ńkọ́? Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni o, torí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé kò ní ṣúgà rárá. Ọ̀gá wa ní kí ìyàwó wọn fi ọwọ́ hàn wá bí òkìtì àmàlà náà ṣe máa ń tó. Màmá yẹn kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì jọ bí ẹni tó gbé orí ìkókó. Òkìtì méjì, lálẹ́.

Sítáàṣì ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ó ń di ṣúgà nínú ara bíi ti àwọn yòókù. Bó bá jẹ́ òkìtì kékeré kan, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó pọ̀ àti ẹja, kò sí wàhálà. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ bàbá yìí, wọn kò sì fún wọn ní ìwé àwọn oúnjẹ tí wọ́n kà léèwọ̀. Òkìtì náà ni wọ́n jọ dín kù, ìyàwó wọn ló fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Kò sí kíláàsì kan tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀gá wa ni mo ń tọ̀ tí mo fi kọ́ ọ. Ohun tí Àdùkẹ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín gan-an nìyẹn, ó ti rí ọkàn iṣẹ́ yìí kí ó tó wọlé.

Nítorí náà sà, nígbà tí ẹ bá mú un lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń gbé àwọn ọmọ lọ fún iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àti ẹni tó ń dúró tì wọ́n. Ṣé dietitian tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, àbí wọ́n kàn ń já wọn sílẹ̀? Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé èmi lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ka àpò ìrẹsì àti jálá òróró ní ilé ìdáná, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Kò sẹ́ni tó mú mi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kan. Wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé mi pé mo yege. Ó ń dùn mí títí di òní, torí ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ kò tún rí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọmọ yín.

Ti iṣẹ́: lẹ́yìn yunifásítì, internship, ìyẹn iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ọdún kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá, NYSC náà sì wà. Àyè internship kò tó àwọn tó ń wá a, kí ó ti máa kọ lẹ́tà láti ọdún tó kẹ́yìn. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ń gba dietitian, ṣùgbọ́n wọn kì í gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń dùn mí pé ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ pọ̀ tó jẹ́ pé ẹyọ kan ni wọ́n ní, àwọn mìíràn kò ní rárá, aláìsàn wọn sì ń gbà oògùn àtọ̀gbẹ láìsí ẹni tó bi í ní bí òkìtì rẹ̀ ṣe tó. Àwọn tí a jọ jáde wà ní Borno pẹ̀lú àwọn àjọ tó ń tọ́jú ọmọ tí ebi ń pa, àwọn kan wà nílé iṣẹ́ oúnjẹ, méjì ti ṣí kílíníìkì tiwọn. Owó oṣù ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn fi ń kọ́lé. Mo sọ ọ́ kí ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Ìyá Tómi, Ọlọ́run á bù kún yín. Baba Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, torí àwọn ọmọ wa kì í pẹ́ sọ pé àwọn fẹ́ rìnrìn-àjò.

Nílé ni mo ti gba oyè àkọ́kọ́ kí n tó wá sí Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ẹni tó bá fẹ́ jókòó fún ìdánwò dietitian níhìn-ín gbọ́dọ̀ ti ní oyè máàsítà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, oyè àkọ́kọ́ tó. Ó kéré tán, wákàtí 1,000 lèèyàn sì gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá. Ìdánwò náà, orí kọ̀ǹpútà ni, ìbéèrè rẹ̀ kì í dín ní 125, kì í ju 145 lọ, bí o bá ṣe ń dáhùn ni kọ̀ǹpútà ń yan èyí tó kàn. Mo sùn nídìí ìwé fún oṣù mẹ́rin. Nítorí náà kí Àdùkẹ́ tọ́jú gbogbo ìwé rẹ̀: àlàyé ohun tí wọ́n kọ́ nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, àti iye wákàtí tó lò ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀gá tó bu lù ú. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi ń bẹ ilé-ìwé mi àtijọ́ pé kí wọ́n fi tèmi ránṣẹ́.

Ohun tí mo kọ́ nílé kò ṣòfò o. Màmá Yorùbá kan wà níhìn-ín tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn torí kíndìnrín. Ìwé tí wọ́n fún wọn sọ nípa ọ̀dùnkún, kò dárúkọ iṣu, màmá sì ń jẹ iyán lọ ní tiwọn. Èmi ni mo fi Yorùbá sọ fún wọn pé potásíọ́mù, èròjà tí kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kì í lè lé jáde dáadáa, wà nínú iṣu gan-an, pé bí iṣu bá máa wọ ẹnu, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sè é nínú omi tó pọ̀, kí wọ́n da omi náà nù, kí ó sì jẹ́ díẹ̀. Wọ́n dì mọ́ mi.

Sísì Leeds

Ní ìlú ọba níhìn-ín, òfin ló dáàbò bo orúkọ yẹn. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ níhìn-ín, kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní dietitian. Nutritionist, ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí Àdùkẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà láti ilé. Ohun tí Houston sọ nípa ìwé àti wákàtí wọ́ọ̀dù, òótọ́ ni, àwọn náà ni wọ́n máa bi í níhìn-ín.

Baba Àdùkẹ́ (Ọ̀yọ́)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ìyá Tómi, Ọlọ́run á dá ọmọ yín sí fún yín. Àdùkẹ́ ló ń kà á sí wa létí lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n mi náà jókòó níbẹ̀. Nígbà tó ka ibi ẹsẹ̀ ọmọ tó ń tẹ̀ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ní kó dúró, kó tún un kà. Ó ní ọmọ òun kan wú bẹ́ẹ̀ kí ó tó lọ, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó sanra, àwọn àgbà ní kí òun má jẹ́ kí wọ́n rí i, pé ojú ayé ni. N kò mọ̀ rí pé ó bí ọmọ náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lé Àdùkẹ́ lọ́wọ́, ó ní kó fi ra ìwé.

Ma, ọmọ yín ní kí n bi yín: kí ni òun lè máa ṣe báyìí kí wọ́n tó wọlé? Ó ti lọ yá òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja ní ojúde wa, ó wọ̀n ìgbakọ èbà kan, ó ní gíráàmù 310 ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́.

Ìyá Tómi (dietitian, Ìbàdàn)

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ sọ fún wọn pé mo ní wọ́n kú ọ̀rọ̀ ọmọ náà, ó ti pẹ́ o, àmọ́ wọ́n kú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àdùkẹ́, kí o ra ìwé kékeré kan, kí o kọ 310 yẹn sí i, kí o kọ ọjọ́ rẹ̀. Ó tọ́ fún ìgbakọ yẹn. Wàá tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, ó yàtọ̀ sí ara wọn, wàá rí i. Wọ̀n àmàlà náà, wọ̀n ìrẹsì, wọ̀n ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni kí o máa bù ú. Màmá rẹ ni kí o jẹ́ kó bù ú, torí ọwọ́ tó ń bù ú fún bàbá rẹ lójoojúmọ́ la fẹ́ mọ̀.